Wáyà Tí Ìjọba Gbìn Síwájú Ilé Wa

Agbo-ilé Ọlábámijí,
Ọ̀fà,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́ Àìkú, oṣù Òkúdu.

Hikmat Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúm. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà l'Àbújá? Ṣé ọkọ rẹ wà dáadáa, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé Rídwàn ọmọ ọmọ mi ń jẹun? Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Ọba tó mú wa la Iléyá já láìsí òkú, láìsí àrùn, kò ní jẹ́ kí ẹ rí ibi ní ìlú olówó tí ẹ wà yẹn. Bí o bá jáde láàárọ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ ni wàá fi wọlé nírọ̀lẹ́. Ọ̀gá rẹ kò ní máa bínú sí ọ láìnídìí. Ọmọ Ìyèrú Ọ̀kín, ọmọ Ọlọ́fà mojò, ibi tí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ibẹ̀ á rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àmín.

Wàá máa rò ó pé kí ló dé tí Bàbá fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ṣé o mọ̀ pé bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, ìyá rẹ á ti jókòó tì mí, á máa kí ọ láti ẹ̀yìn, á máa béèrè Rídwàn, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ á sì fò lọ lórí mi. Ìwọ náà á ní o wà ní mítìn-ín, pé wàá pè mí padà. Lẹ́tà kò ní mítìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí, ọ̀rọ̀ ojú ìyá rẹ ni, mo sì fẹ́ kí o kà á dópin. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ ti ojú náà kí n má kọ́kọ́ sọ ti wáyà tí ìjọba gbìn síwájú ilé wa, torí wáyà yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ ojú dé, nítorí náà fara balẹ̀, má sáré ka ẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ará ìjọba wá sí àdúgbò wa, wọ́n pe gbogbo wa jọ síwájú mọ́sálásí. Ẹni tó ṣe aṣáájú wọn, Ẹnjiníà Dúrótìmí lorúkọ rẹ̀, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí àwa àgbà kó tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní íńtánẹ́ẹ̀tì tó yára, tí kì í já, ni ìjọba fẹ́ gbé wá fún wa. Alhaji kan bi í pé ṣebí àwọn oníléeṣẹ́ fóònù ló ni ìyẹn, kí ló kan ìjọba níbẹ̀. Dúrótìmí ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oníṣòwò, ibi tí èrè bá wà ló ń gbé ọjà rẹ̀ lọ, bí a bá ní ká máa dúró dè wọ́n, Èkó àti Àbújá nìkan ni wọn á máa tẹ́ wáyà sí, wọn ò ní rántí ẹni tó ń gbin iṣu. Ó ní ìjọba ló gbọ́dọ̀ fi owó tirẹ̀ la ọ̀nà, kó gbé wáyà dé ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ àti kóòtù, kí oníṣòwò tó bá fẹ́ tẹ̀lé e wá máa tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Láti ìgbà tí mo ti hu irùngbọ̀n ni mo ti ń bú ìjọba, ìwọ náà mọ̀, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn mo gbé ọwọ́ sókè, mo ní kí Ọlọ́run ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìyá rẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn obìnrin gbọ́ ohùn mi, ó ní ṣé ara mi yá.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ gbọọrọ láti ojú títì, wọ́n gba iwájú ilé wa kọjá, ó di ilé ìwòsàn kékeré tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò. Pàìpù rọ́bà tó pọ́n bí ọsàn ni wọ́n tẹ́ sínú kòtò náà, wọ́n ní inú rẹ̀ ni wáyà wà, wọ́n wa yẹ̀pẹ̀ bò ó, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Iṣẹ́ wọn wù mí, àmọ́ ibì kan kù tó ń dùn mí. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ gbóná báyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá gbin iṣu mọ̀ pé àfi kó fi koríko dé ebè lórí kí oòrùn má baà sè é sínú ilẹ̀. Àwọn wá gbin wáyà odidi ìjọba, wọn ò fi nǹkan kan dé e. N kò bá wọn wí, ọmọ ìlú ńlá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ń ro oko lọ́nà Ojoku láti kékeré, n kò lè jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n máa wò ó kó jóná.

Ni mo bá kó koríko gbígbẹ àti imọ̀ ọ̀pẹ wá láti oko, mo tẹ́ ẹ sórí ibi tí wọ́n gbìn ín sí, láti ẹnu ọ̀nà wa dé iwájú ilé Adétóyè tó múlé tì wá. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, mo ro gbogbo èpò tó hù níbẹ̀. Mo wá ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ títí, bí a ṣe ń ṣe é fún iṣu kó lè rí ibi gùn, mo sì so ègé aṣọ pupa mọ́ ọn lórí kí àwọn ọlọ́kadà má baà gùn ún kọjá. Àwọn ará àdúgbò fi mí ṣẹ̀rín títí. Ìyá rẹ ní kò burú, oko tí mo ń bá ìjọba ro yìí, kí n sáà sọ fún òun ìgbà tí a máa wa á kí òun lè tọ́jú apẹ̀rẹ̀. Mo ní kó ní sùúrù, pé ohun tó bá tóbi kì í tètè hù.

Ohun kan tún wà tó wù mí lọ́rọ̀ wáyà yìí. Wọ́n ní èyí tó wá sọ́dọ̀ wa yìí náà ló gba Ẹ̀rìn-Ilé kọjá, tó sì tún gba Ilemona. O mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe rí láàárín àwa àti àwọn ará Ẹ̀rìn-Ilé láti ayé bàbá mi. Ìjọba gbẹ́ ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn bọ́ sí ọ̀dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó gbé ohùn sókè, kò sẹ́ni tó bi wáyà pé ilẹ̀ ta ló wà. Ohun kan ṣoṣo tí èmi fojú rí tó gba ibẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ nìyẹn, mo sì gbàdúrà pé kó máa rí bẹ́ẹ̀ lọ.

Wàyí o, ó kan ojú ìyá rẹ. Òun ló ní n kò gbọ́dọ̀ sọ fún ọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti dé ibi tí n kò lè dákẹ́ sí. Ó ti pẹ́ tí nǹkan funfun kan ti ń bò ó lẹ́yinjú. O rántí ìgbà tó wá sọ́dọ̀ rẹ láti máa wẹ Rídwàn nígbà tí o bí i, tó sì kó ẹrù rẹ̀ padà wálé kó tó pé ogójì ọjọ́. Inú bí ọ. O pè mí, o ní ìyá rẹ kò fẹ́ràn ilé ọkọ rẹ, pé ó fi ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tuntun. Àbẹ̀ní, ojú ni. Omi gbígbóná tó dà sí i lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tó sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ òun ló yọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yọ̀. Kò rí ibi tí etí báàfù parí sí ni. Ẹ̀rù bà á pé bó bá jẹ́ ọmọ ni òun da omi yẹn sí lára ńkọ́, kò sì lè sọ ọ́ lójú ọkọ rẹ. Ó sọ fún mi pé òun sunkún nínú mọ́tò títí obìnrin tó jókòó ti òun fi fún òun ní híńkáṣíìfù. Ọwọ́ nìkan ló fi mọ Rídwàn. Bí wọ́n bá bi í báwo ni ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣe rí, ọwọ́ náà ló máa ń fi júwe rẹ̀ fún wọn, ibi tí imú wà, ibi tí etí wà.

Ní ilé ìwòsàn kékeré tí mo wí yẹn, nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, Tinúkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Èkìtì ni, ọkọ rẹ̀ ń kọ́ wọn ní Pólì. Òun ló wá bá wa nílé pé wáyà ìjọba ti ń ṣiṣẹ́, pé wọ́n ti gbé ẹ̀rọ wá, dókítà ojú tó wà n'Ìlọrin á sì lè wo ojú Mummy láti ibẹ̀, kí a wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. O mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ Ìlọrin, ìyá rẹ á ní òun kò lè máa táràrà káàkiri ìlú onílùú. Nígbà tó gbọ́ pé Ìlọrin ló ń bọ̀ wá bá òun, ó gbà.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, ìyá rẹ wà nínú yàrá tó ń wọṣọ, èmi wà lóde tí mo ń dúró dè é, ni mo gbọ́ ìró dígà. Adétóyè ti mú lébìrà méjì wá, ó ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò sọ́kàwéè fún òun síwájú ilé. Wọ́n ti fa díẹ̀ nínú ọ̀pá mi tu, wọ́n ti kó koríko mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo sáré lọ, mo dúró sórí ibẹ̀ gan-an. Mo ní Adétóyè, ohun ọ̀gbìn ìjọba wà lábẹ́ ilẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ ìyàwó mi ló sì ń lọ lónìí. Ó ní Bàbá Hikmat, ẹ jọ̀ọ́, iwájú ilé mi ni mo ń gbẹ́, mo ti san owó àwọn èèyàn yìí. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n bí dígà yẹn bá kan ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, dókítà kò ní rí ojú Àdìkẹ́ ìyàwó mi mọ́, ìwọ lo sì máa máa rí i lójoojúmọ́ bó ṣe ń fọwọ́ tá ògiri rẹ kọjá lọ sí mọ́sálásí. Adétóyè wo ọ̀pá tó wà nílẹ̀. Ìyá rẹ ló gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún ìyàwó rẹ̀ láràárọ̀ nígbà tó bímọ tí ara rẹ̀ kò yá, kò tí ì gbàgbé. Ó ní kí wọ́n bọ́ sẹ́yìn ilé lọ gbẹ́ ẹ. Mo tẹ̀ lé wọn dé ẹ̀yìn ilé, mo rí i pé dígà wọlẹ̀ níbẹ̀, kí n tó padà wá ri ọ̀pá mi.

Nígbà tí ìyá rẹ jáde, aṣọ Iléyá rẹ̀ ló wọ̀, ó sì lé tìróò. Ó ní ọkùnrin tí òun kò mọ̀ rí ló fẹ́ wo òun lójú, kò yẹ kó bá ojú lásán. Nọ́ọ̀sì Tinúkẹ́ fi òwú àti omi nu tìróò yẹn fún ìgbà pípẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Èmi gbé iṣu kan tó sanra dání fún dókítà. Wọ́n tan ẹ̀rọ, dókítà yọ síbẹ̀, Ọláwálé lorúkọ rẹ̀, ọmọdé ni lójú mi àmọ́ ó ní làákàyè. Ìyá rẹ kúnlẹ̀ láti kí i, dókítà kò rí nǹkan kan mọ́ àfi ògiri, ó wá ń ní Mummy, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀? Nọ́ọ̀sì gbé e dìde, ó mú un jókòó, ó gbé nǹkan kékeré kan tó ní iná lórí sún mọ́ ojú rẹ̀.

Àbẹ̀ní, mo rí ojú ìyá rẹ lójú ẹ̀rọ yẹn, ó tóbi tó àwo ọbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ ni mo ti ń wo ojú yẹn, n kò mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn. Mo rí ohun funfun náà láàárín rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, mo sì dúpẹ́ pé òun kò rí mi. Dókítà wò ó, ó tún wo èkejì, ó ní ojú náà kò tí ì bàjẹ́, iṣẹ́ abẹ kékeré ni wọ́n máa fi mú nǹkan funfun yẹn kúrò, pé Mummy á ríran. Mo bi í bóyá ó lè ṣe é láti ibi tó wà yẹn kó tán lẹ́ẹ̀kan náà, níwọ̀n ìgbà tí wáyà ti dé. Ó ní wáyà kò tí ì mọ ọ̀bẹ dì mú, pé a máa ní láti wá. Mo wá kí i dáadáa, mo bi í pé òjò ńkọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ó ní ó ń rọ̀ gidi. Oòrùn ń ràn lọ́dọ̀ tiwa ní tiwa, ṣùgbọ́n bí a ṣe délé ni mo kó gbogbo iṣu tí mo sá fún èlùbọ́ wọlé, ìyá rẹ ń bú mi, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ òjò ọ̀hún dé lóòótọ́. Gbogbo àwọn tí kò ní wáyà ni èlùbọ́ wọn tutù. Ti iṣu, Nọ́ọ̀sì ní kò lè gba inú wáyà lọ, mo ní kò sí wàhálà, kó bá dókítà jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì Ẹnjiníà Dúrótìmí wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní lápá ibì kan, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ti gé wáyà náà, íńtánẹ́ẹ̀tì gbogbo ibẹ̀ sì ti kú fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó dé iwájú ilé wa, tó rí koríko, tó rí ọ̀pá, tó rí aṣọ pupa, ó béèrè ẹni tó ṣe é, mo jáde sí i. Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù Adétóyè. Ó wá rọra sọ fún mi pé kì í hù, pé okùn tín-ín-rín kan tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ló wà nínú pàìpù, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tu ọ̀pá yẹn. Ó yà á ní fọ́tò, ó ní òun máa sọ fún wọn ní ọ́fíìsì kí wọ́n ri irú rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi gbogbo. Mo gbọ́ ohun tó sọ pé kì í hù, àmọ́ ó kéré sí mi láti bá a jiyàn, mo ṣì ń bá a ro ó lọ. Ìyá rẹ tó ń gbọ́ wa láti ojú fèrèsé ní bí ìmọ́lẹ̀ bá lè gba abẹ́ ilẹ̀ láti Ìlọrin dé Ọ̀fà, kò yẹ kó ṣòro fún un láti wọ ojú òun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá há sí rèé. Dókítà ti mú ọjọ́, Ọjọ́bọ̀ tó máa parí oṣù yìí ni, ṣùgbọ́n ìyá rẹ takú. Ó ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ojú òun àfi bí Hikmat bá wà níbẹ̀ tòun ti Rídwàn. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa tú aṣọ lójú òun, òun kò fẹ́ kó jẹ́ ògiri ọsibítù ni òun á kọ́kọ́ rí. Mo ní èmi ńkọ́, mo máa wà níbẹ̀. Ó ní òun ti rí mi tó. Mo ti bẹ̀ ẹ́, Nọ́ọ̀sì ti bẹ̀ ẹ́, ìmáàmù ti bẹ̀ ẹ́. Dókítà ní bó bá pẹ́ jù, yóò le ju báyìí lọ.

Mo mọ̀ pé ìwọ ti máa ń sọ ọ́ pé o kò lè wálé kí o pẹ́, torí orí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ rẹ wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ọ̀fà kò sì lè gbé e. N kò bá ọ jiyàn, mo rí ọ nígbà tí ìwọ nìkan wá kẹ́yìn, tí o gbé kọ̀ǹpútà dání káàkiri àgbàlá bí ẹni tó ń wá adìyẹ rẹ̀, tó sì jẹ́ pé o kò sùn mọ́jú kejì kí o tó lọ. Ìyẹn ti tán. Mo ti bi Dúrótìmí. Ó ní ìjọba ti gbé e dé ojú títì, èyí tó máa wọlé ni kí a fi owó ara wa fà, bí a ṣe fa omi ẹ̀rọ nígbà náà lọ́hùn-ún, pé oníléeṣẹ́ kan ti wà nílùú tó ń ṣe é, ó ti tẹ̀lé ìjọba wá bó ṣe wí. Nítorí náà mo nílò owó, má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu. Owó tí wọ́n máa fi fà á wọ yàrá rẹ, mo ti kó iṣu kúrò níbẹ̀. Owó ọkọ̀ àti oògùn ìyá rẹ. Owó jígí dúdú tó máa lò, ó ní òun fẹ́ irú èyí tí àwọn Alhaja ń lò. Bí nǹkan bá kù, mo fẹ́ ra ìpara orúnkún.

Nọ́ọ̀sì Tinúkẹ́ ló máa ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò tí á fi í ránṣẹ́ sí ọ. Mo ní kí n ṣẹ́ ẹ po ná, kí àwọn ará Ẹ̀rìn-Ilé má baà kà á bó bá ń kọjá lọ́dọ̀ wọn, ó ní fọ́tò kì í mú ohun tí a bá ṣẹ́ po. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí n kò fi kọ iye owó síbẹ̀.

Má sì fi owó náà sínú fóònù fún mi. Mo mọ̀ pé ó yára, mo mọ̀ pé ìjọba ti tún ọ̀nà ṣe fún un, Ọlọ́run á bù kún wọn. Ṣùgbọ́n ti ẹlẹ́ẹ̀kan yìí, ìwọ ni kí o mú un dání wá, fi ọwọ́ kejì di ọwọ́ Rídwàn mú.

Ìyá rẹ jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ó ní kí n kà á sí òun létí, mo ka ibi tí mo ti kí yín, mo ka ti iṣu, mo fo ti omi gbígbóná. Bí o bá dé, má jẹ́ kó mọ̀ pé mo sọ fún ọ. Ó ti ra fìlà fún Rídwàn lọ́jà. Ọwọ́ ló fi wọ̀n ọ́n, bó ṣe rántí orí ọmọ náà nígbà tó wẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn, fìlà náà kò sì ju fìlà ọmọ ọwọ́ lọ. Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, mo mọ̀ pé ọmọ ti ń sáré, n kò lè sọ fún un. Jẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ó kéré.

Ọlọ́run tó mú ìmọ́lẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀ wá á mú ẹ̀yin náà gba orí títì wá láyọ̀. Ìyá rẹ ní kí n bá òun kọ ọ́ síparí lẹ́tà pé ojú á ríra. Mo ti kọ ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Abdulwasiu Ọlábámijí.